JAN INGENHOUSZ, ỌKÙNRIN TÍ Ó WỌN ÈÉMÍ EWÉ LÁBẸ́ OMI

  Àwa ọmọ Yorùbá tí ẹ̀kọ́ gbé wá sí òkè Ọya níhìn-ín, òkun jìnnà sí wa púpọ̀. Bí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa koríko tí ó ń hù ní ìsàlẹ̀ òkun, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wa béèrè pé kí ni ó kàn wá níbẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó ka báyọ́lọ́jì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí kò mọ iṣẹ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Bí kò bá tilẹ̀ ṣe é, ó ti ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé, nítorí a mọ̀ bí láàbù ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ ṣe rí.

A ó ki ewéko inú omi sínú bíkà. A ó fi fọ́nẹ́ẹ̀lì dé e mọ́lẹ̀, a ó da tẹ́sítúùbù tí omi kún inú rẹ̀ dé ẹnu fọ́nẹ́ẹ̀lì náà, a ó sì gbé gbogbo rẹ̀ sínú oòrùn. Láìpẹ́, hóró afẹ́fẹ́ kéékèèké yóò máa jáde lára ewé, wọn yóò máa gòkè bí èyí tí a ń rí nínú ìgò mínírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Afẹ́fẹ́ yóò kó jọ sí òkè tẹ́sítúùbù. Bí a bá ki igi tí iná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú bọ inú rẹ̀, iná yóò tún sọ. Olùkọ́ yóò ní ọ́síjìn nìyẹn, photosynthesis ni ó mú un wá, ó parí. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún wa ni orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ jókòó ti irú ìgò bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ní ọ̀sán àti ní òru, títí ó fi mọ ohun tí ewé ń ṣe. Jan Ingenhousz ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn ayé rẹ̀ ni a mú wá fún yín nínú ìwé ìròyìn wa ti ọ̀tẹ̀ yìí.

Ìlú Breda ní ilẹ̀ Họ́láǹdì ni a bí i sí, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, ọdún 1730. Ìjọ Àgùdà ni ìdílé rẹ̀ ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́sìn Pùròtẹ́sítáǹtì ni ó wà lórí oyè ní ilẹ̀ náà nígbà yẹn. Ọmọ Àgùdà kò lè di ipò ìjọba mú, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó. Ẹni tí ó bá ti gbé ní ìlú tí kì í ṣe ti baba rẹ̀ rí yóò mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń rí. Iṣẹ́ ìṣègùn kò béèrè oyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun ni ó sì gbájú mọ́. Ó kàwé ní Leuven, ó gba oyè dókítà ní 1753, ó tún lọ fi ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́ ní Leiden, ní Paris àti ní Edinburgh, kí ó tó padà wá ṣí ilé ìtọ́jú aláìsàn sí Breda.

Àwọn ọ̀rẹ́ kan wà tí bàbá ẹni ń fi sílẹ̀ fún ẹni bí ogún. Ní nǹkan bí 1745, nígbà tí ogun ń jà ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì pàgọ́ sí ìtòsí Breda. John Pringle, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, ni dókítà wọn. Ó di ọ̀rẹ́ ilé àwọn Ingenhousz, ó sì rí i pé ọmọkùnrin wọn ní làákàyè. Nígbà tí bàbá kú ní 1764, Jan ti ilé ìtọ́jú rẹ̀ pa, ó sì rékọjá sí Lọ́ńdọ̀nù lọ bá Pringle, tí ó ti di gbajúmọ̀ níbẹ̀. Kò tíì mọ̀ pé ewé ni yóò sọ òun di ẹni ìrántí. Ṣànpọ̀nná ni ó kọ́kọ́ gbé e ga.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ olóde kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì nílé wa. Àwọn dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa mú ọyún díẹ̀ lára ẹni tí ìgbóná bá ń ṣe, wọn a sín gbẹ́rẹ́ kékeré sí apá ẹni tí ara rẹ̀ dá, wọn a sì fi ọyún náà sí i. Ẹni náà yóò ṣàìsàn díẹ̀, yóò sì yè, àrùn náà kò sì ní lè mú un mọ́. Ewu wà níbẹ̀, nítorí àwọn kan ń kú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń kú kéré jọjọ sí àwọn tí olóde fúnra rẹ̀ ń pa. Ingenhousz kọ́ iṣẹ́ yìí dójú àmì. Ní 1768, òun àti Thomas Dimsdale sín gbẹ́rẹ́ fún bí 700 ènìyàn ní àwọn abúlé Hertfordshire nígbà tí àrùn náà wọ ibẹ̀.

Ní ọdún tí ó ṣáájú ìyẹn, ìgbóná ti wọ ààfin Vienna. Ó pa ìyàwó ọmọ Ọbabìnrin Maria Theresa, ó pa ọmọbìnrin rẹ̀ kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16, ó sì dá ọbabìnrin fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ kí ó tó yè. Ni obìnrin náà bá ránṣẹ́ sí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí ó wá dókítà fún òun. Pringle dárúkọ Ingenhousz. Ó dé Vienna, ó kọ́kọ́ ṣe é fún àwọn ọmọ tálákà, ẹ̀yìn ìyẹn ni ó kan àwọn ọmọ ọba. (Ẹ wo ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò! Ayé kò yí padà púpọ̀.) Gbogbo ọmọ ọba yè. Wọ́n fi í ṣe oníṣègùn ààfin, wọ́n sì bu 5,000 gulden fún un lọ́dọọdún títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni owó oúnjẹ kò ti jẹ́ ìṣòro rẹ̀ mọ́. Ó wá ráàyè ṣe ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́: ó ń ṣe ẹ̀rọ iná mànàmáná, ó ń wo bí ooru ti ń rìn nínú irin oríṣiríṣi, ó sì ń kọ lẹ́tà sí Benjamin Franklin ọmọ Amẹ́ríkà. Ní 1775 ó fẹ́ Agatha Jacquin, ọmọ ìyá onímọ̀ ewéko ńlá kan ní Vienna. Wọn kò bímọ.

Ní báyìí ọ̀rọ̀ dé orí ewé. Ní 1771, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Joseph Priestley ní Leeds tan àbẹ́là sínú ìgò tí ó dé pa. Nígbà tí àbẹ́là kú, afẹ́fẹ́ inú ìgò ti bàjẹ́. Bí eku bá wọ irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, kíkú ni yóò kú. Priestley ki ẹ̀ka mint bọ̀ ọ́, ó sì fi sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, àbẹ́là tún jó nínú afẹ́fẹ́ kan náà. Ewéko ni ó ń tún afẹ́fẹ́ ṣe! Ìròyìn náà dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Ní 1773, Pringle, tí ó ti di olórí Royal Society, fi ẹ̀bùn ńlá dá Priestley lọ́lá, ó sì sọ̀rọ̀ lórí bí ewéko gbogbo ayé ti ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́ fún wa.

Ìyọnu kan ṣoṣo ni pé nígbà tí àwọn mìíràn dán an wò, kò bọ́ sí i. Ní Sweden, Scheele rí i pé ewéko ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ ni. Priestley fúnra rẹ̀ tún un ṣe ní 1778, ó ṣe dáadáa lónìí, ó bàjẹ́ lọ́la. Ẹni tí ó bá ti ṣe práktíkà rí mọ irú ìbànújẹ́ yìí: èsì tí kò dúró sójú kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ì bá yan èsì tí ó wù wọ́n, kí wọ́n sì ju ìyókù nù.

Ingenhousz kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà ooru ọdún 1779, ó wà ní ìsinmi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó háyà ilé kan ní Southall Green, tí ó jẹ́ ìgbèríko nígbà náà (inú Lọ́ńdọ̀nù ni Southall wà lónìí), ó sì kó ìgò rẹ̀ lọ síbẹ̀. Láàárín oṣù tí kò tó mẹ́ta, àyẹ̀wò tí ó ṣe lé ní 500. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ rí iye tí ó ń ṣe lójúmọ́ kan.

Ọgbọ́n tí ó dá nìyí. Dípò kí ó gbé ewéko sínú afẹ́fẹ́ bí ti Priestley, kí ó sì dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá, ó ri ewé sínú omi. Omi kún ìgò, ewé wà nínú rẹ̀, ó da ẹnu ìgò dé sínú omi mìíràn, ó gbé e sínú oòrùn. Ohunkóhun tí ewé bá mí jáde kò ríbi sá sí, òkè ìgò ni yóò kó jọ sí. Láàárín wákàtí díẹ̀ èsì ti dé. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ rí hóró afẹ́fẹ́ wọ̀nyí lára ewé. Bonnet ará Geneva ti rí i ní 1754, ṣùgbọ́n ó rò pé afẹ́fẹ́ inú omi ni ooru oòrùn lé jáde. Ingenhousz ní kí á wò ó bóyá ooru ni. Ó gbé ewé síbi tí ó móoru ṣùgbọ́n tí kò sí ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ rere kò jáde. Ìmọ́lẹ̀ ni, kì í ṣe ooru.

Kò sì gba ẹ̀rí ojú nìkan. Ó ń wọn dídára afẹ́fẹ́ náà. Afẹ́fẹ́ kan wà, tí a ń pè ní nitric oxide lónìí, tí ó máa ń di pupa bí ó bá ti kan ọ́síjìn. Ohun pupa náà yóò wọ inú omi, afẹ́fẹ́ inú ìgò yóò sì dín kù. Bí ó bá dín kù púpọ̀, ọ́síjìn pọ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá dín kù, afẹ́fẹ́ náà kò dára. Báyìí ni ó ṣe ń fi nọ́ńbà sí iṣẹ́ ewé. Ó wọn ti ewé, ti igi ewé, ti òdòdó, ti gbòǹgbò àti ti èso. Ó wọ̀n ọ́n ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní abẹ́ òjìji ilé, àti nígbà tí àwọn ará abúlé ti sùn.

Òru yìí gan-an ni ó tú gbogbo àdììtú náà. Ohun aláwọ̀ ewé nìkan, ewé àti igi ewé, ni ó ń mú afẹ́fẹ́ rere wá, nínú ìmọ́lẹ̀ nìkan sì ni. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ewé kan náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ba afẹ́fẹ́ jẹ́ gẹ́gẹ́ bí èmi àti ìwọ ti ń bà á jẹ́. Òdòdó, gbòǹgbò àti èso ń bà á jẹ́ ní ọ̀sán àti ní òru. Priestley kò purọ́, Scheele náà kò sì purọ́. Ohun tí kò sí nínú ìwé wọn ni bí ìmọ́lẹ̀ ṣe tó lórí ìgò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ìwé Ingenhousz ti jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Pringle ni ó fi ìwé náà bọlá fún.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé òdòdó inú yàrá lè pa ẹni tí ó bá sùn tì í. Àmọ́ Ingenhousz ti ṣírò rẹ̀: ó ní afẹ́fẹ́ burúkú tí ewéko ń tú jáde ní gbogbo òru kò tó ìdá kan nínú 100 èyí tí ó dára tí ewéko kan náà ń mú wá ní wákàtí méjì tí oòrùn bá mú. Ní tiwa, a rò pé ó fojú kéré òru níhìn-ín. Ìwọ̀n òde òní fi hàn pé ohun tí ewéko ń ná lóru ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n òun ni ó kọ́ wa pé kí á yọ ti òru kúrò nínú ti ọ̀sán kí á tó sọ iye tí ó kù.

Ìjà sì dé. Priestley ní òun náà ti ń wo ohun aláwọ̀ ewé inú omi òun nínú oòrùn, kò sì fún Ingenhousz ní ọpẹ́ tí ó rò pé ó tọ́ sí òun. Senebier ará Geneva tún gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní 1782, ó fi hàn pé bí carbon dioxide kò bá sí nínú omi, ewé kò ní mú ọ́síjìn kankan wá. Ohun ńlá nìyẹn. Òun pẹ̀lú Ingenhousz bára wọn fa ọ̀rọ̀ yìí fún ọdún mélòó kan. Nígbà tí ó di 1796, Ingenhousz kọ ìwé kékeré kan lórí oúnjẹ ewéko, ó sì sọ níbẹ̀ pé inú carbon dioxide tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ ni ewéko ti ń rí kábọ́ọ̀nù tí ó fi ń kọ́ ara rẹ̀.

Ìgbà ogbó rẹ̀ kò tù ú lára. Ní ìparí àwọn ọdún 1780, ó kúrò ní Vienna fún ìrìn-àjò, ìdàrúdàpọ̀ àti ogun sì bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Kò padà mọ́. Agatha wà ní Vienna, òun wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò tún fojú kan ara wọn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ní 1798, nígbà tí Edward Jenner fi hàn pé àrùn màlúù kan lè dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ olóde láìséwu púpọ̀, Ingenhousz kọ̀wé sí i pé òun kò gbà. Ó ṣìnà pátápátá. Ọ̀nà Jenner ni ó di abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó lé ṣànpọ̀nná kúrò láyé, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde rẹ̀ ní 1980. Bóyá ẹni tí gbẹ́rẹ́ sọ di ọlọ́lá kò lè tètè jọ̀wọ́ gbẹ́rẹ́. Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, 1799, ní ilé ńlá Bowood, tí í ṣe ilé ìjòyè kan tí ó gbà á lálejò, wọ́n sì sin ín sí Calne nítòsí ibẹ̀. Ilé yìí kan náà ni Priestley ti rí ọ́síjìn ní 1774, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ìjòyè náà.

Níbo wá ni koríko òkun gbà wọ̀ ọ́? Koríko òkun kì í ṣe ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ewé tí í lẹ̀ mọ́ òkúta. Ewéko gidi ni, ó ní gbòǹgbò, ó ń tanná, ó ń so èso, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ omi iyọ̀. Ó wà ní etí òkun Senegal àti Mauritania ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa, ó wà ní Australia, ó sì wà ní ilẹ̀ Ingenhousz fúnra rẹ̀. Ayé ọjọ́un, àwọn ará Họ́láǹdì a máa gé e, wọn a kó o jọ gègèrè, wọn a fi ṣe odi tí ń dá òkun dúró. Lẹ́yìn 1930, àrùn kan pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní etíkun Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn pápá ńlá kan ní Họ́láǹdì kò sì padà bọ̀ sípò títí dòní.

Àwọn onímọ̀ tí ń wọn koríko yìí kò jìnnà sí Southall Green. Wọ́n ń rì lọ sísàlẹ̀, wọn a fi ìgò ńlá tí ó mọ́ kedere dé koríko mọ́ ilẹ̀ òkun, wọn a sì wọn ọ́síjìn inú omi rẹ̀ kí wọ́n tó fi sílẹ̀ àti lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ìgò kejì, wọn a fi ohun dúdú bò ó, kí ó lè jẹ́ òru fún koríko inú rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Láti 1927 ni àwọn onímọ̀ òkun ní Norway ti fi ìgò mímọ́ àti ìgò dúdú wọn iṣẹ́ àwọn ewéko tíntìntín tí ń léfòó. Ṣùgbọ́n koríko òkun ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Inú ewé rẹ̀ ní ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ó sì ń fi ọ́síjìn ránṣẹ́ sí gbòǹgbò tí ó wà nínú ẹrẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn. Ẹni tí ó bá ń ka hóró afẹ́fẹ́ nìkan yóò ka iye tí kò pé. Nítorí náà wọ́n tún ń lo ẹ̀rọ tí ń ta ìmọ́lẹ̀ sára ewé, tí í sì í wọn ìmọ́lẹ̀ pupa tí ewé dá padà, kí wọ́n lè mọ iye tí ewé rí lò.

Kí ló fà á tí wọ́n fi ń ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀? Kábọ́ọ̀nù ni. Koríko òkun ń gba kábọ́ọ̀nù nínú omi, omi òkun sì ń gbà á nínú afẹ́fẹ́. Nígbà tí gbòǹgbò bá kú, inú ẹrẹ̀ ni ó ń wà, kì í tètè jẹrà nítorí ọ́síjìn kò sí níbẹ̀. Ewé náà tún ń dẹ́kun ìyára omi, ẹrẹ̀ tí omi gbé wá láti ibòmíràn yóò sì balẹ̀ sáàárín rẹ̀. Ní òkun Mẹditaréníà, gbòǹgbò àti ẹrẹ̀ tí ó ti kó jọ fún ẹgbẹ̀rúnrún ọdún ga ju ènìyàn lọ níbi mìíràn. Ní 1912 ẹnikẹ́ni kò ṣírò rẹ̀. Ní 2012, àwọn onímọ̀ kan fojú bù ú pé kábọ́ọ̀nù tí ó wà nínú ilẹ̀ àwọn pápá wọ̀nyí ní gbogbo ayé tó tọ́ọ̀nù bílíọ̀nù 4.2 sí 8.4. Ìwádìí mìíràn ní 2009 sọ pé ìdá 29 nínú 100 pápá tí a mọ̀ láti 1879 ti pòórá.

Ó wá di pé àwọn ìjọba àti ilé-iṣẹ́ fẹ́ máa fi pápá koríko òkun san gbèsè èéfín wọn. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le. Bí a bá wọ̀n ọ́n ní ọ̀sán nìkan, gbogbo pápá ni yóò dà bí ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n lóru, koríko ń mí, akàn ń mí, àwọn kòkòrò tíntìntín inú ẹrẹ̀ ń mí, carbon dioxide sì ń padà sínú omi. Ọ̀pọ̀ pápá ṣì ń jèrè bí a bá ro ọ̀sán àti òru pọ̀. Níbi mìíràn, ní àkókò mìíràn láàárín ọdún, gbèsè ni ó ń kù. Iye tí ó kù yìí ni ó yẹ kí wọ́n kọ sínú ìwé, a kò sì lè mọ̀ ọ́n láìsí ìgò dúdú.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka báyọ́lọ́jì, kò dìgbà tí ẹ bá dé etí òkun. Ewéko inú odò tí ó wà nítòsí wa yóò ṣe é. Ẹ kàn bu ìgò méjì, kí ẹ fi aṣọ dúdú bo ọ̀kan dáadáa, kí ẹ má sì fi èkejì sílẹ̀ sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà.